Obìnrin Àkọ́kọ́: Lẹ́yìn Náà Ńkọ́?

Ẹni tó bá dàgbà sí Ògbómọ̀ṣọ́ kò lè ṣàì gbọ́ orúkọ Dókítà George Green, òyìnbó tó gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní ọdún 1907, tí iṣẹ́ ìwòsàn rẹ̀ sì di ọsibítù ńlá àwọn Onítẹ̀bọmi, èyí tó ti di ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Bowen lónìí. Ní Ọ̀yọ́ náà, ẹ dárúkọ Federal School of Surveying, ilé ẹ̀kọ́ àwọn awọnlẹ̀ tí ìtàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ láti 1908, àwọn àgbà á bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ọkùnrin tó ti ibẹ̀ di gbajúmọ̀ fún yín. Ẹ wá béèrè orúkọ obìnrin kan ṣoṣo tó di onímọ̀ sáyẹ́ǹsì láti àdúgbò kan náà. Wọn á wo ara wọn lójú. Ẹnìkan á ní, "Wọ́n wà o, orúkọ wọn ni mi ò rántí."

Òótọ́ ni, wọ́n wà. Orúkọ tí a kò rántí yẹn ni àgbéyẹ̀wò yìí dá lé lórí.

Lọ́dọọdún ni à ń gbọ́ nípa obìnrin tó kọ́kọ́ ṣe èyí àti obìnrin tó kọ́kọ́ ṣe tọ̀hún. Wọn á gbé e sínú ìwé ìròyìn, a ó pàtẹ́wọ́, ó parí síbẹ̀. A kì í béèrè ohun tí obìnrin náà rí nídìí iṣẹ́ rẹ̀, iye tí wọ́n san fún un, ẹni tí kò jẹ́ kó gòkè bọ̀rọ̀, tàbí ibi tí obìnrin kejì àti ìkẹta wọlẹ̀ sí. Èrò tèmi ni pé ìyìn ẹni àkọ́kọ́ yìí ti di aṣọ tí a fi ń bo ìyà tí wọ́n jẹ mọ́lẹ̀. Bí a bá ti pe èèyàn ní ẹni àkọ́kọ́, ó dà bíi pé a ti san gbèsè tí a jẹ ẹ́.

Àwọn kan gbà pé sáyẹ́ǹsì kì í ṣe ohun tí ọwọ́ obìnrin Yorùbá mọ̀ kí òyìnbó tó dé. Irọ́ ni. Ẹ wo iṣẹ́ aró, tí àwọn obìnrin ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ti ń ṣe láti ìran dé ìran. Aláró á gún ewé èlú, á ṣù ú, á sá a títí yóò fi gbẹ. Á kó eérú sínú ìkòkò tí wọ́n lu ihò sí nídìí, á máa da omi lé e lórí díẹ̀díẹ̀, omi eérú á sì máa kán sínú ìkòkò mìíràn tó wà nísàlẹ̀. Inú omi yìí ni yóò rẹ èlú sí fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi kan. Bí omi eérú bá mú jù, aró á bàjẹ́. Bí kò bá mú tó, aró kò ní dúró lára aṣọ. Òórùn rẹ̀, ìfófòó tó hó sórí rẹ̀ àti bó ṣe rí lẹ́nu ni aláró fi ń mọ̀ pé ó ti tó. Aṣọ tí wọ́n rì bọ̀ ọ́ kì í jáde pẹ̀lú àwọ̀ aró rárá. Bí ewé tútù ló máa ń rí. Ìgbà tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i ló ń yí padà lójú ẹni, tí yóò sì di dúdú minimini. Ohun tí atẹ́gùn ṣe fún aṣọ yẹn wà nínú ìwé kẹ́mísírì tí àwọn ọmọ wa ń kà ní yunifásítì. Ní Ìgbẹ́tì, Ìyá Màpó ni òrìṣà tí wọ́n kà sí ìyá gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin báwọ̀nyí, láti orí aró dé orí ìkòkò mímọ.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ àwọn lékúlẹ́jà. Lọ́jà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́, obìnrin ló jókòó ti ewé àti egbò, òun ló mọ ewé tí ó jẹ́ ojúlówó yàtọ̀ sí èyí tó kàn jọ ọ́, òun ló mọ èyí tí wọ́n ń já láàárọ̀ àti èyí tí wọ́n gbọ́dọ̀ sá gbẹ kó tó ṣiṣẹ́. Síbẹ̀, oníṣègùn ọkùnrin tó wá ra ewé lọ́wọ́ rẹ̀ ni ìlú ń kì. Nítorí náà, kí a má di gbogbo ẹ̀bi ru òyìnbó. Ìwà kí obìnrin ṣiṣẹ́ kí ọkùnrin gba orúkọ ti wà nílé kí wọ́n tó dé. Ohun tí òyìnbó ṣe ni pé wọ́n sọ ọ́ di òfin, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé owó oṣù.

Ẹni tó jẹ ìyà ìwé owó oṣù yìí jù ni Agnes Yewande Savage. Edinburgh ní Scotland ni wọ́n bí i sí ní 1906. Dókítà ni bàbá rẹ̀, Richard Akinwande Savage, ọmọ Nàìjíríà tí ìdílé rẹ̀ jẹ́ Sàró. Ará Scotland ni ìyá rẹ̀. Yunifásítì Edinburgh tí bàbá ti kàwé ni ọmọ náà lọ. Ó gba ẹ̀bùn nínú ìmọ̀ àrùn awọ ara, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ nínú ìmọ̀ ìṣègùn tó jẹ mọ́ ti ilé ẹjọ́, èyí tí obìnrin kankan kò gbà rí níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Nígbà tó máa fi gboyè ní 1929, òun ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn obìnrin tó dára jù lọ láàárín àwọn tó jọ jáde. Bó ṣe di obìnrin àkọ́kọ́ láti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tó di dókítà nìyẹn.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìtàn tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ ti máa ń dákẹ́. Ẹ jẹ́ ká bá a dé ibi iṣẹ́. Ìjọba amúnisìn gbà á ní Gold Coast, tó di Ghana lónìí. Obìnrin tí ìwé rẹ̀ dára ju ti ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó bá níbẹ̀ lọ, ipò dókítà kékeré ni wọ́n fi í sí. Owó tó relẹ̀ sí ti àwọn òyìnbó ni wọ́n ń san fún un. Ilé àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ ni wọ́n fún un láti máa gbé. Ìyà ojú méjì ni: ó jẹ èyí tó tọ́ sí aláwọ̀ dúdú lójú wọn, ó tún jẹ èyí tó tọ́ sí obìnrin. Ní 1931, Alek Fraser, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ Achimota, gbà á sọ́dọ̀, ó sì lo ọdún mẹ́rin níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi dókítà àti olùkọ́. Lẹ́yìn náà ló padà sí iṣẹ́ ìjọba, ní ọsibítù Korle Bu ní Accra, tó ń tọ́jú aláboyún àti ọmọ ọwọ́, tó sì kópa nínú dídá ibi ìkọ́ṣẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì sílẹ̀ níbẹ̀. Ní 1947 ó fẹ̀yìn tì. Ẹni ọdún mọ́kànlélógójì ni nígbà náà. Ó kú ní 1964.

Mo fẹ́ kí ẹ tún iye ọdún yẹn rò. Ọdún mọ́kànlélógójì ni ọ̀pọ̀ dókítà ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ọ̀gá. Ọ̀pọ̀ ọdún tó yẹ kí aláboyún Accra fi jàǹfààní ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n pàdánù, kò sì sí ẹni tó ka àdánù yẹn sí àdánù.

Ní ti Nàìjíríà, Elizabeth Abimbola Akerele, ọmọ Èkó tí wọ́n bí ní 1910, ló kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ dókítà láàárín àwọn obìnrin. Dublin ló ti gboyè ní 1938. Ọsibítù Massey Street ní Èkó ló ti ṣiṣẹ́, ní ipò kékeré náà, ó sì di ọdún 1960, ọdún òmìnira, kó tó di ọ̀gá àgbà ibẹ̀. Ọdún méjìlélógún láàárín ìwé ẹ̀rí àti àga! Orúkọ ọkọ rẹ̀, Awoliyi, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ̀ ọ́n.

Kí ni wọ́n ń ṣe ní ọ̀dọ̀ tiwa ní gbogbo àsìkò yìí? Ní Ọ̀yọ́, St Andrew's College ti bẹ̀rẹ̀ láti 1896, ó sì ń kọ́ àwọn ọkùnrin láti di olùkọ́ kárí ilẹ̀ Yorùbá. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ilé ẹ̀kọ́ àwọn oníwàásù Onítẹ̀bọmi ti bẹ̀rẹ̀ láti 1898, ọkùnrin ló wà fún pẹ̀lú. Ohun tí wọ́n là kalẹ̀ fún ọmọbìnrin ni aṣọ rírán, oúnjẹ sísè, ilé títọ́jú àti Bíbélì kíkà. Bí orí bá gbé e débi gíga, ó di nọ́ọ̀sì tàbí agbẹ̀bí. Mi ò kẹ́gàn iṣẹ́ nọ́ọ̀sì o. Ọwọ́ àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí tí wọ́n kọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni àìmọye ọmọ Òkè Ògùn àti Ìbàràpá fi wà láàyè. Ṣùgbọ́n òkè ibẹ̀ ni wọ́n fi ṣe àjà fún ọmọbìnrin, nígbà tí ibẹ̀ jẹ́ ìpìlẹ̀ lásán fún ọmọkùnrin tó bá mọ̀wé.

Kí ọmọ tó lè ka físíìsì àti kẹ́mísírì, láàbù gbọ́dọ̀ wà, olùkọ́ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà. Ilé ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin tó ní méjèèjì kò tó nǹkan. Ìdí nìyí tí Queen's School tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Ẹdẹ ní 1952, kí wọ́n tó gbé e lọ sí Ìbàdàn ní 1967, fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀. Láàárín 1954 sí 1957, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń jẹ́ Grace Alele ń kọ́ àwọn ọmọ ibẹ̀ ní ìṣirò. Òun náà ló wá gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Chicago ní 1963, tó sì di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọ̀gá àgbà yunifásítì ní Nàìjíríà, ní Benin, ní 1985. Nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní January 1955, ọmọbìnrin Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ tí ì bá máa kiri iyọ̀ àti ata di ẹni tó ń lọ sílé ìwé. Lẹ́yìn náà ni irú ilé ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin St Bernardine's ní Ọ̀yọ́ wá di ibi tí òbí ń mú ọmọbìnrin lọ láìbẹ̀rù.

Ọ̀kan lára àwọn ọmọ Queen's School ni Grace Oladunni Olaniyan, ọmọ Ẹ̀fọ̀n Aláayè tí wọ́n bí ní 1937, tó di Ọ̀jọ̀gbọ́n Taylor. Ó kọ́ kẹ́mísírì ní Ìbàdàn, ó jáde ní 1962, ó ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀ ní Sàmárù lẹ́bàá Sáríà, ó sì padà sí Ìbàdàn. Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ dá lé lórí, bó ṣe kan àrùn ọkàn àti ti òpó ẹ̀jẹ̀. Ó ń wádìí bóyá ẹ̀yà ènìyàn ni, tàbí oúnjẹ, tàbí bí ènìyàn ṣe ń lo ara rẹ̀, ló ń sọ iye ọ̀rá tí yóò wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ní àkókò tí àwọn òyìnbó onímọ̀ kan ń sọ̀rọ̀ ara ènìyàn dúdú bí ẹni pé ẹ̀dá mìíràn ni, ìbéèrè yẹn kì í ṣe kékeré. Ó di ọ̀mọ̀wé ní 1969, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní 1984. Nígbà tí L'Oréal àti UNESCO bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bùn wọn fún àwọn obìnrin onísáyẹ́ǹsì ní 1998, òun ni wọ́n fún ní ti Áfíríkà.

Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn náà, ní 2001, ẹ̀bùn yìí tún bọ́ sọ́wọ́ ọmọ Ẹ̀fọ̀n Aláayè mìíràn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adeyinka Gladys Falusi, tí òun náà ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn. Àrùn ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ ń jogún ni tirẹ̀, pàápàá fòníkú-fọ̀ladìde. Ní orílẹ̀-èdè tí nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́rin ti ní ẹ̀jẹ̀ AS lára, ta ni ọ̀rọ̀ yìí kò kàn? Mélòó nínú àwọn tó ń lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí wọ́n tó ṣègbéyàwó ní Ọ̀yọ́ ló gbọ́ orúkọ Falusi rí? Obìnrin méjì láti ìlú kan ṣoṣo láàárín ọdún mẹ́ta, ó tó ohun tí a ń kọ́ ọmọ ní kíláàsì.

Ẹ̀ka tó le jù fún obìnrin ni èyí tó gba kí èèyàn jáde lọ sí ìgbẹ́. Ní Ọ̀yọ́, tí ilé ẹ̀kọ́ àwọn awọnlẹ̀ wà, ẹ gbọ́ ohun tí ìyá ń sọ fún ọmọ rẹ̀ obìnrin tó lóun fẹ́ kọ́ iṣẹ́ náà: "Ṣé ìwọ ni wàá máa gbé ohun èèlò kiri inú igbó láàárín àwọn ọkùnrin? Ta ni yóò fẹ́ ọ?" Ìfẹ́ ló ń mú ìyá sọ bẹ́ẹ̀, ìbẹ̀rù sì wà nínú rẹ̀ tí kì í ṣe asán. Síbẹ̀, Deborah Ajakaiye ti dáhùn ọ̀rọ̀ náà tipẹ́. Jos ni wọ́n bí i sí ní 1940. Nínú ilé wọn, iṣẹ́ ilé tí ọmọkùnrin ń ṣe ni ọmọbìnrin ń ṣe, ìwé tí ọmọkùnrin ń kà ni ọmọbìnrin ń kà. Ó gba oyè físíìsì ní Ìbàdàn ní 1962, ó lọ sí Birmingham, ó sì di ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Ahmadu Bello ní Sáríà ní 1970. Ìmọ̀ tí wọ́n fi ń mọ ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀ láìgbẹ́ ẹ ló yàn: omi ni o, ohun àlùmọ́nì ni o. Nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lórí àwòrán ilẹ̀ Nàìjíríà tó ń fi hàn bí agbára òòfà ilẹ̀ ṣe yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn, ó kó lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin rẹ̀ mọ́ra, títí kan àwọn tí òbí wọn kò kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Ní 1980 ó di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n físíìsì ní Áfíríkà. Lójú tèmi, àwọn ọmọbìnrin tó kó lọ sóko iṣẹ́ yẹn ju oyè náà lọ, nítorí ibẹ̀ ni a ti rí obìnrin kejì àti ìkẹta.

Nínú ìṣirò, Olabisi Ugbebor nìkan ni obìnrin nínú kíláàsì rẹ̀ ní Ìbàdàn títí ó fi jáde ní 1972. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní London ní 1976, ó sì di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣirò ní Nàìjíríà. Nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, Adenike Osofisan ló ṣáájú.

Ohun kan wà tó ń pa orúkọ wọn rẹ́ tí a kì í sábà kíyè sí: ìgbéyàwó ń yí orúkọ padà. Akerele di Awoliyi, Olaniyan di Taylor, Alele di Alele-Williams. Ọkùnrin á fi orúkọ kan ṣoṣo kọ ìwé láti ìgbà èwe dé ọjọ́ ìfẹ̀yìntì. Ti obìnrin á pín sí méjì, ẹni tó ń wá iṣẹ́ rẹ̀ á rí ìdajì, á sì rò pé gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Alele-Williams gbọ́n, ó di méjèèjì mú.

Èkejì ni ọjọ́ orí. Láàárín ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sí márùndínlógójì ni wọ́n ń retí kí onímọ̀ ṣe oyè ọ̀mọ̀wé, kó kọ àròkọ ìwádìí rẹpẹtẹ. Àkókò yẹn gan-an ni ìdílé ń retí ọmọ lọ́wọ́ obìnrin. Yunifásítì LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1990, jẹ́ kí n rí bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe ń burú sí i. Nígbà tí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun jọ ni ín, tí owó kò sì wọlé bó ṣe yẹ, ìyanṣẹ́lódì ti ilé ẹ̀kọ́ náà pa fún ọ̀pọ̀ oṣù ní 2016 àti 2017. Ìyà náà jẹ gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ọkùnrin tí wọ́n dá dúró lè padà bá ìwé rẹ̀ níbi tó fi í sí. Obìnrin tó ti ṣètò pé òun máa parí kí òun tó lóyún, ọdún tó ṣòfò yẹn ti fi ilé ọkọ àti láàbù kọlu ara wọn fún un. Láti 2020 tí Ọ̀yọ́ nìkan ti gba ilé ẹ̀kọ́ náà, ara ti ń tù ú díẹ̀. Ó yẹ kí àwọn aláṣẹ mọ̀ pé kàlẹ́ńdà tó dúró gbọn-in jẹ́ ìrànlọ́wọ́ fún obìnrin onímọ̀ ju ìpàdé àti àsè Ọjọ́ Àwọn Obìnrin lọ.

Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni gbogbo èyí, pé ẹ lọ sí Under-G, àdúgbò tó wà lẹ́bàá LAUTECH, ní àárọ̀, ẹ ó rí i bí àwọn ọmọbìnrin ṣe ń rọ́ lọ sí kíláàsì. Bẹ́ẹ̀ ni, inú mi sì dùn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n wọlé yàtọ̀ sí kí wọ́n dé òkè. Ìṣirò UNESCO ni pé nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́ta péré ni obìnrin láàárín àwọn olùwádìí lágbàáyé. Kì í sì ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni wọ́n ti ń gba orúkọ mọ́ obìnrin lọ́wọ́. Ní Cambridge ní 1967, Jocelyn Bell, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Northern Ireland, rí àmì bíńtín lórí bébà gígùn tí ẹ̀rọ wọn ń tẹ̀ jáde. Ó tẹpẹlẹ mọ́ ọn títí ó fi hàn pé irú ìràwọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ rí ni. Nígbà tí ẹ̀bùn Nobel dé ní 1974, olùkọ́ rẹ̀, Antony Hewish, ni wọ́n fún, pẹ̀lú Martin Ryle. Ní 2018 wọ́n fún Bell ní ẹ̀bùn mílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là, ó sì fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ láti máa rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì tí ìdènà wà lọ́nà wọn níwèé. Kò sí ẹni tí kò mọ ìtàn rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì lónìí, nítorí pé àwọn ènìyàn rẹ̀ kọ ọ́, wọ́n sì ń tún un sọ.

Ẹ̀bẹ̀ tí mo ní kò gba owó ńlá. Mo bẹ àwọn aláṣẹ LAUTECH, ilé ẹ̀kọ́ àwọn awọnlẹ̀ ní Ọ̀yọ́ àti ọsibítù Bowen ní Ògbómọ̀ṣọ́: ẹ ṣí ìwé ìforúkọsílẹ̀ àtijọ́, ẹ to orúkọ àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ bàbá wọn àti ti ọkọ wọn, ohun tí wọ́n kọ́ àti iṣẹ́ tí wọ́n ṣe. Kí ó má mọ lórí ẹni àkọ́kọ́. Ẹ̀yin ìdílé tí ìyá tàbí ìyá àgbà yín ti wọ láàbù, tó ti wọn ilẹ̀, tó ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní físíìsì, ẹ má dúró de ọjọ́ ìsìnkú kí ẹ tó kọ ìtàn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ṣì wà láyé, wọ́n sì rántí. Ẹ lọ bá wọn lọ́dún yìí, kí ẹ sì kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀ ní èdè Yorùbá.